Àárẹ̀ tí oorun kì í lé lọ

Ẹ ní olùkọ́ yunifásítì kì í roko, kí ló wá ń rẹ̀ ẹ́? Ẹ wo Abomey-Calavi: akẹ́kọ̀ọ́ kún gbọ̀ngàn, ìwé ìdánwò ga lórí tábìlì, ìwádìí tún ń dúró. Ti àwọn vacataire tó ń gbowó wákàtí-wákàtí tún le jù.

Ní 2019, OMS ní èyí kì í ṣe àìsàn o. Wàhálà iṣẹ́ tó pẹ́ lára láìsí àtúnṣe ló ń fà á. Agbára á tán, iṣẹ́ á sú èèyàn, á máa rò pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́.

Bí ọkọ tàbí ìyàwó yín bá ń jí pẹ̀lú àárẹ̀, ẹ má kàn ra fítámínì lọ́jà. Ẹ bi í pé: iṣẹ́ wo la lè dín kù? Kó sì rí dókítà.