Nígbà Tí Àpótí Àwòrán Ilé Bá Ń Ṣàìsàn

Ẹ̀yin abiyamọ, níbo ni àwòrán ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí yín wà lónìí? Ní ayé àwọn ìyá wa, inú álíbọ́ọ̀mù ni. Ikán àti òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Ní òde òní, ní àdúgbò bí Ajíbódè tí ó fi ẹ̀yìn ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ lè rí ilé tí àpótí kékeré kan wà ní igun pálọ̀, tí gbogbo fóònù inú ilé ń kó àwòrán wọn sí láìlo wáyà. Inú háàdì díìsìkì rẹ̀ ni ohùn ìyá àgbà tí ó ti dolóògbé wà, ibẹ̀ náà ni ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ wà.

Ohun tí ń gbó ni díìsìkì. Àwo ni ó wà nínú rẹ̀, tí ń yí bírí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, tí apá tín-ín-rín kan sì ń rìn lókè rẹ̀ láìfara kàn án. (Àkọ́kọ́ irú rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1956, ní àwo 50, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, síbẹ̀ àwòrán kan ṣoṣo láti inú fóònù òde òní lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un.) Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ lójijì kò bá a lára mu, bẹ́ẹ̀ ni ooru.

Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń dún kọ́kọ́kọ́, bí àwòrán bá ń pẹ́ kí ó tó ṣí, tàbí bí iná ara àpótí bá pọ́n, ẹ má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Kí ẹ tó tú ìdè kankan, ẹ kọ́kọ́ da ohun tí ẹ kò lè pàdánù kọ sórí díìsìkì mìíràn.

Bí àpótí yín bá jẹ́ onídíìsìkì méjì tí a ṣètò bí ìbejì, tí ohun tí Táíwò gbà náà ni Kẹ́hìndé gbà, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Àpótí fúnra rẹ̀ yóò fi nọ́ńbà èyí tí ń ṣàìsàn hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi wé èyí tí ó wà lára díìsìkì, nítorí àṣìṣe tí ó burú jù ni kí a yọ èyí tí ara rẹ̀ le.

Díìsìkì tuntun kò gbọdọ̀ kéré sí ti àtijọ́. Tòkunbọ̀ yóò pọ̀ fún yín ní Computer Village ní Ìkejà, owó rẹ̀ yóò sì fani mọ́ra, ṣùgbọ́n èmi kò fọwọ́ sí i: ta ni ó mọ iye ọdún tí ó ti fi yí? Ẹ béèrè irú èyí tí a ṣe fún àpótí tí ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru.

Bí àpótí yín kì í bá ṣe irú èyí tí a lè yọ díìsìkì rẹ̀ nígbà tí ó wà lórí iná, ẹ pa á bí ó ti yẹ. Ẹ má ṣe fa wáyà rẹ̀ yọ. Ẹ pààrọ̀ díìsìkì, ẹ tan iná, kí ẹ sì ní kí àpótí dà á kọ padà. Èyí lè gba wákàtí púpọ̀, ó tilẹ̀ lè ju ọjọ́ kan lọ. Díìsìkì kan ṣoṣo ni ó ń ru gbogbo ẹrù ní àkókò yìí, nítorí náà ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láìsí bátìrì tí yóò gbé iná ró bí iná bá lọ.

Ẹ kíyè sí i pé bí ọmọ bá pa àwòrán rẹ́, ara ìbejì méjèèjì ni yóò ti parẹ́. Olè kan náà ni yóò sì gbé méjèèjì. Ẹ fi ẹ̀dà kẹta sí ilé àwọn òbí yín.

Ní ti díìsìkì àtijọ́, ẹ má tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù kiri bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò ṣì lè rí àwòrán yín nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí baba ọmọ fi òòlù fọ́ àwo inú rẹ̀, kí ó fi aṣọ bò ó nígbà tí ó bá ń fọ́ ọ, nítorí òmíràn ń fọ́ yángá bíi dígí.