Ojú Tó Ń Ṣọ́ Igbó Láti Òkè: Bí Bràsíìlì àti Ṣáínà Ṣe Jọ Ń Lo Sátẹ́láìtì

Igbó Amazon tó wà ní Bràsíìlì tóbi débi pé kò sí iye ọlọ́pàá tó lè ṣọ́ ọ tán. Agbègbè tí òfin orílẹ̀-èdè náà kà mọ́ Amazon fẹ̀ tó 5,000,000 kìlómítà níbùú lóòró, ìyẹn ju Nàìjíríà lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ sọ apá kan níbẹ̀ di ibi ìjẹko màlúù á kọ́kọ́ kó àwọn igi tó lówó lórí, á bẹ́ ìyókù, á fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbẹ, á sì dáná sun wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ìjọba tó gbọ́, koríko ti hù, màlúù ti ń jẹ̀. Òkè lèèyàn ti lè tètè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Láti 1988 ni INPE, àjọ tó ń rí sí ìwádìí òfuurufú ní Bràsíìlì, ti ń fi àwòrán sátẹ́láìtì ṣírò iye igbó tí wọ́n ń pa run lọ́dọọdún. Àwòrán Landsat ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò nígbà yẹn, wọ́n sì ń sanwó fún un. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ José Sarney lọ sí Beijing, Bràsíìlì àti Ṣáínà sì tọwọ́ bọ̀wé níbẹ̀ pé àwọn á jọ kọ́ sátẹ́láìtì tiwọn. Orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà ni àwọn méjèèjì, ohun tí ọ̀kan ní sì ni èkejì ń wá. Ṣáínà ní rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì ti ń kọ́ sátẹ́láìtì. Bràsíìlì ti pẹ́ nídìí gbígba àwòrán láti òfuurufú àti kíkà á. Ṣáínà gbé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó náà, Bràsíìlì gbé 30. Owó há Bràsíìlì lọ́wọ́ láwọn ọdún àkọ́kọ́, iṣẹ́ sì falẹ̀, tó fi jẹ́ pé oṣù Kẹwàá 1999 ni CBERS-1, àkọ́kọ́ nínú àwọn sátẹ́láìtì náà, tó gbéra ní Taiyuan ní Ṣáínà. Nígbà tó fi máa kan CBERS-3 àti CBERS-4, ọgbọọgba ni wọ́n ń pín ìnáwó.

Láti nǹkan bí 778 kìlómítà sókè, sátẹ́láìtì náà ń yí ayé po láti àríwá sí gúúsù, ayé fúnra rẹ̀ sì ń yí lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 26, á tún padà kọjá lórí ibi kan náà. Ojú kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán kámẹ́rà rẹ̀ dúró fún ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 20 níbùú, mítà 20 lóòró. Ó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti ibẹ̀, títí kan irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú èèyàn kì í rí. Ewé tútù máa ń ta ìmọ́lẹ̀ yẹn padà gan-an, ilẹ̀ tí wọ́n ti ro kì í ta á padà tó bẹ́ẹ̀.

Rédíò ni sátẹ́láìtì fi ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwo ńlá kan ní ìlú Cuiabá. Cuiabá wà ní àárín gbùngbùn Gúúsù Amẹ́ríkà, nítorí náà àwo yẹn ń gba ti Bolivia àti Paraguay pọ̀ mọ́ ti Bràsíìlì.

Ní 2004, Bràsíìlì ṣe ohun tó ga lójú mi ju gbígbé sátẹ́láìtì sókè lọ: ó gbé àwòrán CBERS sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ará ìlú rẹ̀, nígbà tó yá, ó ṣí i fún àwọn aládùúgbò. Láti ìgbà yẹn, akẹ́kọ̀ọ́, oníròyìn àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lè wo ilẹ̀ kan náà tí mínísítà ń wò. Ó di 2008 kí Amẹ́ríkà tó ṣí àkójọ Landsat sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọdún 2004 yẹn náà ni INPE bẹ̀rẹ̀ DETER, ètò tó ń tètè ta ìjọba lólobó. Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Òṣìṣẹ́ kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ṣí àwòrán tuntun, ó fi ti tẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tí igbó ti dí fọ́fọ́ tẹ́lẹ̀, ó rí àmì kan tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, tí etí rẹ̀ gún bí ẹni fi rúlà fà á. Igbó kì í dédé ya onígun mẹ́rin. Ó fa ìlà yí i po, kọ̀ǹpútà ṣírò bó ṣe tóbi tó àti ibi tó wà gan-an, ìsọfúnni náà sì lọ sọ́dọ̀ IBAMA, àjọ tó ń mú àwọn tó ń ba igbó jẹ́. Àwọn yẹn á gbé mọ́tò tàbí hẹlikópítà lọ síbẹ̀, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé kátakátà, wọ́n á sì bu owó ìtanràn.

Àwòrán Amẹ́ríkà kan tó ń wá lójoojúmọ́ ni DETER kọ́kọ́ ń lò, àmọ́ kò lè fi ibi tó kéré sí hẹ́kítà 25 hàn dáadáa. Láti 2015, INPE bọ́ sórí àwòrán CBERS-4 àti ti sátẹ́láìtì Íńdíà, tó ń fi ibi tó kéré jù bẹ́ẹ̀ hàn.

Ní 2004, igbó tí wọ́n pa run lé ní 27,000 kìlómítà níbùú lóòró. Ní 2012, kò tó 5,000. Sátẹ́láìtì nìkan kọ́ ló ṣe é. Ìjọba ya ilẹ̀ púpọ̀ sọ́tọ̀, nígbà tó sì di 2008, wọ́n ní kí báńkì má ṣe yá olóko Amazon lówó bí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ kò bá pé tàbí tó bá ń rú òfin igbó. Nígbà tí ìjọba dẹwọ́, iye náà tún gòkè, ó lé ní 13,000 ní 2021. Àwòrán ò yé dé. Àwọn tó yẹ kó fi ṣiṣẹ́ ni ò ṣe é mọ́.

Ní 2007, ní Cape Town, Bràsíìlì àti Ṣáínà kéde pé àwọn á fún Áfíríkà ní àwòrán CBERS lọ́fẹ̀ẹ́, tí àwọn àwo tó wà ní South Africa, Íjíbítì àti erékùṣù Canary á máa gbà á. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí ń dùn mí. CBERS-2B dákẹ́ ní 2010. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé CBERS-3 kùnà ní oṣù Kejìlá 2013. Ó di ìparí 2014, nígbà tí CBERS-4 gòkè, kí àwòrán tuntun tó tún wà. Orílẹ̀-èdè tó bá gbára lé orísun kan ṣoṣo, ọjọ́ tí orísun yẹn bá gbẹ ni iṣẹ́ rẹ̀ dúró.

Ìdí nìyí tí mo fi ka ẹ̀kọ́ sí ju àwòrán lọ: ẹni tó mọ̀ ọ́n kà lè ka ti ibikíbi. Ní Belém, INPE ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ igbó, ètò kọ̀ǹpútà TerraAmazon tí wọ́n fi ń ṣe é sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Nítòsí wa, inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ irú iṣẹ́ yìí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí RECTAS wà láti 1972. AFRIGIST ló ń jẹ́ báyìí. Nàìjíríà, Benin, Gánà, Niger, Mali àti àwọn mìíràn ló jọ ni ín, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ni níbẹ̀.

Nàìjíríà náà ti fún ẹlòmíràn ní àwòrán rí. NigeriaSat-1, tí wọ́n kọ́ ní Surrey ní Ìlú Ọba, gòkè ní oṣù Kẹsàn-án 2003. Ó wọ ẹgbẹ́ kan tí Àlgéríà, Tọ́kì àti Ìlú Ọba wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti jọ gbà pé bí àjálù bá ṣẹlẹ̀, kálukú á gbé àwòrán sílẹ̀. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní 2005, àwòrán tirẹ̀ wà lára èyí tó tètè dé.

Ohun kan wà tí gbogbo kámẹ́rà wọ̀nyí ò lè borí, ìkùukùu ni. Lásìkò òjò, ìkùukùu lè bo Amazon fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bó ṣe ń bo Igbó Òmò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn tó ń gégi sì lè ṣe tiwọn lábẹ́ rẹ̀. Rédà ló lè rí ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rán ìgbì rédíò lọ sílẹ̀, tó sì ń gba èyí tó ta padà, ìkùukùu ò lè dí i, bẹ́ẹ̀ ni òru. Ní oṣù Kẹrin 2023, nígbà tí Ààrẹ Lula lọ sí Beijing, Bràsíìlì àti Ṣáínà tọwọ́ bọ̀wé láti kọ́ CBERS-6, rédà sì ni yóò gbé.