Ta ni ará àdúgbò? Bí ìṣípò ènìyàn ṣe ń yí ẹ̀yà padà ní Àjàṣẹ́

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí àwọn tó ń wọ̀lú ṣe ń yí ẹ̀yà àwọn ará àdúgbò padà. Àjàṣẹ́, tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ni mo mú ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe ìwádìí mi. Ohun tí mo rí ni pé kíka àwọn tó dé àti àwọn tó lọ nìkan kò tó. Ẹ̀yà àdúgbò lè yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí kúrò níbẹ̀.

Orúkọ mẹ́ta ni ìlú náà ń jẹ́. Hogbonu ni àwọn Ègùn ń pè é, Àjàṣẹ́ ni Yorùbá ń pè é, orúkọ Porto-Novo sì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò Potogí. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, èbúté pàtàkì ni ìlú yìí jẹ́ fún Ọ̀yọ́. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, àwọn Àgùdà dé láti Brazil, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Ìmàle ní Bahia ní 1835. Mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà láàárín ìlú, tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, ṣì ń rán wa létí wọn.

Ṣùgbọ́n ààlà àárín wọn kò dúró sójú kan. Ẹ wo ìdílé Paraïso: ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ni baba ńlá wọn, Àgùdà ni ó jẹ́ nígbà tó padà dé, Ìmàle sì ni. Síbẹ̀, nígbà ìjọba Faransé, àwọn Ìmàle tó jẹ́ Àgùdà àti àwọn tó jẹ́ Yorùbá bára wọn du ipò ìmáàmù. Ẹ̀jẹ̀ kan náà wà níbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ló yàtọ̀.

Ẹ̀sìn àti èdè náà ní ipa tiwọn. Lójú ọ̀pọ̀ ará ìlú, Ìmàle àti Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Bí Ègùn kan bá gba Ìsìláàmù, Yorùbá ni yóò máa gbọ́ níbi wáàsì, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò lọ sí ilé kéú, wọn yóò sì fẹ́ Ìmàle bíi tiwọn. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè wá sọ pé Yorùbá làwọn. Iye Yorùbá pọ̀ sí i ní àdúgbò náà, àmọ́ kò sí àlejò kankan tó wọlé.

Ìkànìyàn 1992, 2002 àti 2013 ní Bẹ̀nẹ̀ béèrè ẹ̀yà àwọn ènìyàn, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń kọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ègùn, tí baba rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ẹ̀yà baba ni yóò sábà dárúkọ. Ìyá ti pòórá nínú ìwé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé nìkan. Nígbà tí ìjà ilẹ̀ tàbí ti oyè bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò. Ẹni tó bá ka iye Yorùbá sí iye àwọn tó ṣí wá lè pe ẹni tí ìyá ńlá rẹ̀ jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní àlejò. Nítorí náà, nínú ìwádìí mi, mo ń béèrè èdè ìyá, èdè baba, èdè tí wọ́n fi ń gbàdúrà, àti ìran tó kọ́kọ́ tẹ̀dó, kí n tó béèrè ẹ̀yà.