Fèrèsé tí Kì í Kágò: Èdè-Ìperí fún Àwọn Ohun Ayọjú Orí Ayélujára

Ìfáárà

Nínú àṣà Yorùbá, àlejò kì í ṣàdédé wọ ilé onílé. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò kágò, yóò sì retí kí ẹni tí ó wà nínú ilé dá a lóhùn pé “àgò yà” kí ó tó wọlé. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀bùn ni ó gbé lọ́wọ́, ojú aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọn yóò fi wò ó. Ọ̀rọ̀ àgò yìí kò jìnnà sí ohun kan tí ó ti ń da àwọn tí ó ń lo ẹ̀rọ ayárabíàṣá láàmú láti ìparí ọ̀rúndún tí ó kọjá: fèrèsé kékeré tí ó máa ń ṣàdédé yọ bo ojú-ewé tí ènìyàn ń kà lórí ayélujára. Pop-up ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é.

Wíwá orúkọ fún un ní èdè Yorùbá kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́-dilẹ̀. Ó ṣòro láti kìlọ̀ fún ọmọ tàbí òbí ẹni nípa ohun tí kò lórúkọ. Yàtọ̀ sí èyí, fèrèsé wọ̀nyí ti di ibi tí wọ́n ti ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ènìyàn láti kó ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ lọ, tàbí láti yọ owó rẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá sọ wọ́n lórúkọ tí kò tọ̀nà, òǹkàwé ni yóò jìyà rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Fèrèsé yìí ní ìtàn. Ní àwọn ọdún 1990, Ethan Zuckerman ń ṣiṣẹ́ ní Tripod, ìkànnì ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí ó ń fún àwọn ènìyàn láyè láti ṣe ojú-ewé tiwọn. Owó ìpolówó ọjà ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ìkànnì náà. Ní ọjọ́ kan, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe ọkọ̀ rí i pé ìpolówó òun bọ́ sí ojú-ewé oníṣekúṣe, inú bí wọn. Zuckerman wá kọ àṣẹ tí yóò máa ṣí ìpolówó sínú fèrèsé ọ̀tọ̀, kí ó má baà dà bí ẹni pé olówó ìpolówó fọwọ́ sí ohun tí ó wà lójú-ewé. Ète rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n sì sọ ọ́ di àjàkálẹ̀. Ní ọdún 2014, Zuckerman tọrọ àforíjì ní gbangba nínú ìwé ìròyìn The Atlantic.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe àjèjì sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ghana, ní Legon, kí ó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Lẹ́yìn náà ni òun àti Rebecca MacKinnon dá Global Voices sílẹ̀, ìkànnì ìròyìn tí wọ́n ń túmọ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè, tí Yorùbá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ohun tí ó jẹ́ fún ará Festac àti Kuje

Ní Festac Town, ìlú tí ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún iṣẹ́-ọnà tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, àti ní àwọn àdúgbò Amúwo-Ọ̀dọ̀fin tí ó yí i ká, bíi Kuje, sáíbà káfẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ fojú kan ayélujára ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń rà níbẹ̀, ìṣẹ́jú sì ni wọ́n fi ń ka àkókò. Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ènìyàn bá ra wákàtí kan, tí ogún fèrèsé sì yọ sí i, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ààbọ̀ ìṣẹ́jú kí ó tó ṣí kí ó sì tó ṣeé tì, ìṣẹ́jú 10 ti lọ nínú 60. Ìdá kan nínú mẹ́fà owó rẹ̀ ni ó fi ṣe àlejò ẹni tí kò pè.

Lónìí, fóònù ọwọ́ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sáíbà káfẹ́. Dátà àti owó ìpè ni ó rọ́pò tíkẹ́ẹ̀tì, fèrèsé náà sì bá àwọn ènìyàn dé inú àpò wọn. Òmíràn kì í tilẹ̀ ṣe ti ìkànnì. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ sórí fóònù, tí ó ṣàdédé yọ bo ojú fóònù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ “OK” nísàlẹ̀. Ẹni tí ó ń kánjú lè tẹ̀ ẹ́, kí ó sì rí i pé òun ti forúkọ sílẹ̀ fún orin tàbí ìròyìn tí òun kò béèrè. Irú ẹ̀sùn báyìí wà lára ohun tí ó mú kí Àjọ tí ó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, NCC, pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní ọdún 2016 láti fún àwọn oníbàárà láǹfààní láti kọ iṣẹ́ àìbéèrè nípasẹ̀ nọ́ḿbà 2442.

Ìmọ̀lára àlejò àti ọgbọ́n ẹ̀rọ

Kì í ṣe ará Èkó nìkan ni inú ń bí. Ní ọdún 2004, Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń lo ẹ̀rọ, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé ìdá 95 nínú 100 àwọn tí wọ́n bi léèrè ni wọ́n kórìíra ìpolówó tí ó ń yọ síwájú ohun tí wọ́n ń wò. Àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀rọ aṣàwákiri náà ti gbọ́. Opera ti pèsè ohun tí ó ń dènà fèrèsé wọ̀nyí ní nǹkan bí ọdún 2000. Mozilla tẹ̀ lé e ní 2002, Internet Explorer ti Microsoft sì ṣe bákan náà ní 2004.

Ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà dá fèrèsé búburú mọ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ èdè-ìperí. Aṣàwákiri kò lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ inú fèrèsé dára tàbí kò dára. Ohun tí ó máa ń wò ni bóyá òǹlò tẹ nǹkan kan kí fèrèsé tó ṣí. Bí òǹlò bá tẹ bọ́tìnì, ó fàyè gba fèrèsé náà. Bí ó bá jẹ́ pé fúnra rẹ̀ ni ó dìde, ó tì í mọ́ta. Ẹ̀rọ ń bi fèrèsé ní ìbéèrè kan náà tí onílé ń bi àlejò: ta ni ó pè ọ́?

Àwọn olówò kò dákẹ́. Wọ́n dá ọgbọ́n mìíràn: dípò fèrèsé ọ̀tọ̀, wọ́n fi aṣọ bo ojú-ewé náà fúnra rẹ̀, tí aṣàwákiri kò fi rí fèrèsé kankan tì. Nítorí èyí ni Google ṣe kéde ní 2016 pé, láti ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 2017, ojú-ewé tí ó bá fi irú nǹkan báyìí bo ojú fóònù lè má wà ní ipò gíga mọ́ nínú èsì àwárí. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018, òfin ààbò ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn fèrèsé tí ó ń tọrọ ìyọ̀ǹda sì pọ̀ sí i lọ́pọ̀lọpọ̀.

Àwọn orúkọ tí ó wà níwájú onímọ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀. Èkíní ni àyálò. Bí wọ́n bá yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, yóò di nǹkan bíi “pọ́ọ̀pọ́ọ̀pù”. Kò sí ohun tí ó burú nínú àyálò. Sẹ́ẹ̀lì àti kọ̀ǹpútà ti di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ ohunkóhun fún akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣesí ohun tí ó ń jẹ́ ẹ. Èkejì ni ìtumọ̀ olówuuru, bí “fèrèsé afòyọ”. Ó ṣe àpèjúwe ìrìn fèrèsé náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ pẹ̀lú ń fò yọ. Kò kan òǹlò.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀-ìṣe “yọjú”, tí ó wá láti ara “yọ” àti “ojú” nípa ìpajẹ fáwẹ́lì. Ẹwà ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó lè lọ sí apá méjì. Ẹni tí ó yọjú sí ni níbi ìnáwó ṣe ohun rere. Ṣùgbọ́n tí yíyọjú bá ti kan ọ̀ràn ọlọ́ràn, ó di ayọjúràn, tí gbogbo ènìyàn ń sá fún. Láti inú gbòǹgbò kan yìí, àti ọ̀rọ̀ àgò tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ni àwọn orúkọ ìsàlẹ̀ yìí ti jáde:

Fèrèsé ayọjú: orúkọ gbogboogbò fún fèrèsé kékeré tí ó bá yọ lórí ojú-ewé, ìbáà jẹ́ àpè tàbí àìpè.

Fèrèsé ayọjúràn: èyí tí ó yọ láìjẹ́ pé òǹlò tẹ ohunkóhun.

Fèrèsé alúgọ: èyí tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn ojú-ewé, tí òǹlò kì í rí títí yóò fi ti èyí tí ó wà níwájú.

Ìbòjú: èyí tí kì í ṣe fèrèsé ọ̀tọ̀, tí ó kàn bo ojú-ewé.

Fèrèsé ìkágò: èyí tí ó ń tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òǹlò.

Adènà ayọjúràn: apá aṣàwákiri tí ó ń dá wọn dúró.

Àwọn kan lè sọ pé “ayọjúràn” jẹ́ èébú, àti pé èdè-ìperí kò gbọdọ̀ gbè sápá kan. Àríwísí yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ya ayọjúràn sọ́tọ̀ kúrò lára ayọjú kì í ṣe ìbínú òǹkàwé nìkan. Òun náà ni ẹ̀rọ aṣàwákiri fi ń ṣèdájọ́, èyí ni pé a kò pè é. Níhìn-ín, ìmọ̀lára ènìyàn àti òfin ẹ̀rọ pàdé lójú kan, kò sì yẹ kí orúkọ tú wọn ká.

Ìgúnlẹ̀

Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2023, sọ pé dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà, àti pé èdè tí ó ṣe kedere tí ó sì rọrùn ni kí wọ́n fi tọrọ ìyọ̀ǹda. Ó yẹ kí àwọn ògbufọ̀ ka gbólóhùn kejì yìí lẹ́ẹ̀mejì. Fún ìyá àgbà tí ó jẹ́ pé Yorùbá nìkan ni ó lè kà, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó rọrùn jù lọ kò tíì ṣe kedere. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ fún ẹni tí ó mọ èdè.

Orúkọ náà pẹ̀lú yóò di òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó bá kágò mọ̀ pé onílé lè ní kí òun padà. Nítorí náà, fèrèsé tí ó fi “Mo gbà” hàn gàdàgbà, tí ó sì fi “N kò gbà” pamọ́ sí kọ̀rọ̀, kò tíì kágò, ohun yòówù tí ó bá pe ara rẹ̀. Bí olùkọ́ bá kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìkágò àti ìyọjúràn, ọmọ náà yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáhùn pé “àgò yà”, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó ti fèrèsé náà pa.