Àkọ́sórí Kì í Ṣe Ìmọ̀: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Òbí ní Ìfọ́n àti Ìlobùú

Ẹnikẹ́ni tí ó bá kọjá lẹ́bàá iléèwé ní Ìfọ́n tàbí ní Ìlobùú ní òwúrọ̀ yóò gbọ́ ohùn àwọn ọmọ bí wọ́n ti ń pa ẹnu pọ̀ ka ohun tí tíṣà kọ sára pátákó. Ohùn náà dùn í gbọ́, inú òbí a sì máa dùn pé owó òun kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí a bá pe ọ̀kan nínú wọn sí apá kan, tí a sì bi í léèrè ìtumọ̀ ohun tí ó kà, ó ṣeé ṣe kí ó tún un kà fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní ohùn kan náà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọmọ tí ó kọ́ nǹkan sórí kò tíì mọ̀ ọ́n, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá rò ó, tí ó sì gbé e ka orí ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. John Dewey, ará Amẹ́ríkà, dá iléèwé kan sílẹ̀ ní ìlú Chicago ní 1896, níbi tí àwọn ọmọ ti ń se oúnjẹ, tí wọ́n ń hun aṣọ, tí wọ́n sì ń fi igi ṣe ọnà, kí wọ́n lè ti inú iṣẹ́ ọwọ́ mọ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó kú ní 1980, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ àwọn ọmọdé, títí kan àwọn ọmọ tirẹ̀, ó sì fi hàn pé ọmọ a máa kọ́ ìmọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń mọ ilé. Orí ọmọ kì í ṣe àmù tí a ń da omi sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń rí. Tíṣà gbé ọpọ́n omi kalẹ̀, ó kó ìṣó, òkúta wẹ́wẹ́, èèpo ẹ̀pà àti igi ìdáná kan jọ. Kí ó tó ju ohunkóhun sínú omi, ó bi àwọn ọmọ pé èwo ni yóò rì, èwo ni yóò léfòó, àti ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé ohun tí ó wúwo ni yóò rì. Tíṣà kò bá wọn jiyàn. Ó ju ìṣó kékeré sínú omi, ó rì. Ó gbé igi ìdáná tí ó wúwo jù ú lọ fíìfíì sínú omi, ó léfòó. Níbẹ̀ ni ariwo yóò ti sọ. Èrò tí ọmọ gbé wá láti ilé ti wó lójú ara rẹ̀, kò sì ní sinmi títí yóò fi rí òmíràn tí ó sàn jù ú lọ: pé kì í ṣe ìwúwo nìkan, bí kò ṣe ìwúwo ní ìfiwéra pẹ̀lú bí nǹkan náà ti tóbi tó. Bí tíṣà bá ti kọ gbólóhùn yìí sára pátákó ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn ì bá dà á kọ ní ìṣẹ́jú méjì, wọn ì bá sì gbàgbé rẹ̀ kí oṣù tó parí.

Ní ti ìṣirò, èdè wa fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́. Ọmọ tí ó bá wí pé mẹ́rìndínlógún ti ṣe ìyọkúrò láìmọ̀: ogún dín mẹ́rin ni. Ẹ fún un ní ogún òkúta, kí ó mú mẹ́rin kúrò, kí ó ka ìyókù. Àádọ́ta ńkọ́? Ọgọ́ta dín mẹ́wàá. Ọpọ́n ayò ní ojú méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin sì ni ó wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Ọmọ tí ó ń ta ayò ń pín, ó sì ń ṣe ìsọdipúpọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé pàṣán sí i. (A mọ̀ pé àwọn bàbá kan ń ka ayò sí eré ọ̀lẹ. Kí wọ́n jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tí ó mọ̀ ọ́n ta, kí a sì wo ẹni tí yóò borí.)

Ṣùgbọ́n bí ọmọ yóò bá rò, tí yóò sì sọ ìdí èrò rẹ̀, èdè wo ni yóò fi ṣe é? Ìbéèrè yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gbé yẹ̀wò láti oṣù kìíní ọdún 1970, ní iléèwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, tí kò jìnnà sí wa. Àwọn ọmọ kan kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ní èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tíṣà tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní èdè náà lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn kọ́ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn èyí ohun gbogbo di Gẹ̀ẹ́sì, bí àṣà ti rí. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn ti àkọ́kọ́ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, èyí tí ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù. Kò yani lẹ́nu. Ọmọ tí a bi léèrè ìdí tí igi fi léfòó, tí kò sì ní ju “Yes, sir” lọ lẹ́nu, kí ni yóò fi ro ohun tí ó rí?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n pa àṣẹ náà rẹ́, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì, nítorí pé àwọn ọmọ ń kùnà nínú ìdánwò àṣekágbá. Kí a fi ọ̀wọ̀ béèrè: ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní lábẹ́ àṣẹ ti 2022, ǹjẹ́ ó tilẹ̀ ti jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2025? Báwo ni àṣẹ náà ṣe wá di ẹlẹ́bi fún ìdánwò àṣekágbá?

Àwọn tíṣà yóò sọ pé ọmọ ti pọ̀ jù nínú kíláàsì, wọn kò sì purọ́. Láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí iye ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 dé 811,432 láàrin ọdún kan, ìkápọ̀ ni ó rọrùn jùlọ fún ẹni tí ọmọ yí ká. Ọgọ́ta ọmọ kò lè yí ọpọ́n omi kan ká. Ṣùgbọ́n a lè pín wọn ní mẹ́fà mẹ́fà, kí ẹni tí ó yára jù nínú wọn máa ran ìyókù lọ́wọ́, bí ẹ̀gbọ́n ti ń ṣe fún àbúrò nídìí iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ. Kì í ṣe pé kí tíṣà káwọ́ gbera o. Òun ni yóò yan ìbéèrè, òun ni yóò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́, èyí tí ó ṣòro ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn nǹkan kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́ sórí síbẹ̀, bí i ìsọdipúpọ̀ àti sípẹ́lì.

Nínú ilé, kí ìyá tí ó ń wọn gààrí ní ọjà Ìfọ́n jẹ́ kí ọmọ rò ó bí ṣéńjì yóò ti jẹ́, kí òun tó sọ ọ́. Kí bàbá tí ó mú ọmọ lọ sí oko bi í pé, bí ebè bá jẹ́ ogún ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí ìlà sì jẹ́ mẹ́wàá, mélòó ni gbogbo rẹ̀? Bí ọmọ bá dáhùn pé ọgọ́jọ, kí bàbá má tíì wí pé ó ti ṣì í. Kí àwọn méjèèjì jọ rìn lọ sí ìdí àwọn ebè náà, kí wọ́n sì kà wọ́n.