Ohun Tí Àwòrán Ọpọlọ Fi Hàn Láìròtẹ́lẹ̀

Egungun tí ó bo ọpọlọ le púpọ̀, ojú lásán kò sì lè rí ohun tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ ìlú Awẹ́, ti Amẹ́ríkà padà dé ní ọdún 1962 láti máa ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, egungun agbárí ni àwòrán X-ray lásán ń fi hàn, kì í ṣe ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tí Godfrey Hounsfield ṣe ya àwòrán ọpọlọ aláìsàn kan ní Wimbledon, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1979, òun àti Allan Cormack gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí ń lo agbára òòfà tún dé, èyí tí àwòrán tirẹ̀ mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbùkún ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ó mú ìṣòro tuntun wá. Ẹ̀rọ náà kò mọ ohun tí a rán an. Gbogbo ohun tí ó bá rí ni ó ń sọ. Ẹni tí ó forí gbá nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lè lọ ya àwòrán kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú orí rẹ̀. Wọ́n lè má rí ẹ̀jẹ̀ kankan, kí wọ́n sì rí kókó kékeré kan tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ìjàǹbá náà. Láti ọjọ́ náà ni oorun yóò ti dá lójú onítọ̀hún.

Irú nǹkan báyìí kò ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ní ìlú Rotterdam, ní ilẹ̀ Hòláǹdì, gbé ìròyìn jáde lórí àwòrán ọpọlọ 2,000 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn kò dín ní 45. Bí a bá fi 1,000 ṣe ìṣirò rẹ̀, nǹkan bí 72 ni ó ní ojú àpá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti dé ọpọlọ, láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Nǹkan bí 18 ni iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn wú níbì kan. Nǹkan bí 16 sì ní kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ìtumọ̀ wọn kò dọ́gba. Kókó tí ó hù lára awọ tí ó bo ọpọlọ sábà máa ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní yọ ẹni tí ó ní in lẹ́nu títí ayé. Iṣan tí ó wú lè bẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn kékeré kì í bẹ́. Ojú àpá ní tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìkìlọ̀ pé kí ènìyàn tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ rẹ̀.

Nítorí náà, bí dókítà bá ní kí aláìsàn padà wá ya àwòrán mìíràn lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kì í ṣe pé ó pa á tì. Iṣẹ́ abẹ orí ní ewu tirẹ̀, ó sì lè ju ewu ohun tí wọ́n rí lọ. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá fi ìbẹ̀rù ta ilẹ̀ baba rẹ̀ nítorí ẹni tí ó ní òun yóò fi àgbo yọ kókó náà lè pàdánù ilẹ̀, kí kókó sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ó yẹ kí aláìsàn mú ẹbí kan dání lọ bá dókítà tí ó mọ̀ nípa ọpọlọ, kí ó sì bèèrè: Kí ni orúkọ nǹkan yìí? Ṣé òun ni ó fa ohun tí ó gbé mi wá? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀? Ìgbà wo ni a ó tún wò ó? Kí ó tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́, nítorí òun ni wọn yóò fi wé tuntun.

Ṣùgbọ́n bí orí bá fọ́ni lójijì lọ́nà tí kò ṣẹlẹ̀ rí, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu, tàbí bí gìrì bá gbéni, kí a má ṣe dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé onítọ̀hún lọ kíá.