Pípe Ọ̀rẹ́ Jẹun Ní Alẹ́ Ọyẹ́ Ní Ìkirè àti Àpòmù

Bí a bá jí ní òwúrọ̀ tí ètè wa ti là, tí eruku funfun bo ewé igi kòkó, tí a kò sì rí igi ọ̀ọ́kán dáradára mọ́, a mọ̀ pé àkókò náà ti dé. Àkókò yìí kan náà ni àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n wà ní ìdálẹ̀ ń padà wá sílé fún ìsinmi òpin ọdún, tí àwọn àgbẹ̀ ń ká kòkó, tí èlùbọ́ ń gbẹ nínú oòrùn, tí olúkúlùkù sì ń fẹ́ láti pe ẹnì kejì rẹ̀ jẹun. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí ènìyàn ṣe lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí àpèjẹ alẹ́ tí ó ní orí ọ̀rọ̀ kan pàtó, láì jẹ gbèsè, láì sì dá ìjà sílẹ̀. A ti jẹ gbèsè rí nítorí irú àpèjẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa méjì sì ti bá ara wọn jà lójú wa nídìí àwo oúnjẹ. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn nìkan ni a ń kọ.

Kí a tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ó yẹ kí á mọ irú alẹ́ tí a ń pe ènìyàn sí. Ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì tàbí oṣù kẹta. Púpọ̀ nínú eruku tí ó ń gbé bọ̀ wá láti ibi títẹ́jú kan tí a ń pè ní Bodélé, ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan wà ní ìgbà láéláé kí ó tó gbẹ. Nítorí pé afẹ́fẹ́ yìí kò ní omi nínú, kò sí ohun tí yóò bo ilẹ̀ bí aṣọ ní òru. Ooru tí ilẹ̀ gbà ní ọ̀sán a sì tètè bọ́ lọ sójú ọ̀run. Ìdí nìyí tí oòrùn ọ̀sán fi ń mú, tí òru sì ń tutù títí ara fi ń gbọ̀n ní ìdájí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà òtútù a máa gé ọ̀sán kúrú. Ní oṣù kejìlá, oòrùn a ti wọ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, àwọn ènìyàn a sì wọ inú ilé, wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a máa pe ara wọn jẹun kí òkùnkùn má baà sú wọn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìkirè àti Àpòmù, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà àbọ̀ ní ìgbà ọyẹ́, òtútù náà kì í sì í mú gan-an títí di ọ̀gànjọ́. Nítorí náà, láti agogo méje títí di agogo mẹ́sàn-án àbọ̀ ni ó yẹ fún àpèjẹ wa. Kí a jẹun, kí a sọ̀rọ̀, kí a sì jẹ́ kí àlejò tètè lọ sílé kí òtútù tó bá a lọ́nà.

Nísinsin yìí, a ó jẹ́wọ́ àṣìṣe wa. Ní ọdún kan, a pe ọ̀rẹ́ méjìlá ní alẹ́ ọyẹ́ kan. A yá àga, a se oríṣi ọbẹ̀ mẹ́rin, a ra ìrẹsì ní àwìn, nítorí a rò pé bí oúnjẹ bá ti pọ̀ ni àpèjẹ ṣe ń dára. Ṣùgbọ́n a kò ro ohun tí a ó máa sọ. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ọ̀rọ̀ ń rìn gbéregbère káàkiri bí ewúrẹ́ tí kò ní olówó, títí ó fi já sí ẹnu ọ̀rẹ́ wa kan tí ó jẹ́ ará Ìkirè àti èkejì tí ó jẹ́ ará Àpòmù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn lórí ìlú tí ó ṣe ẹ̀gbọ́n èkejì. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí àwàdà di èébú. Ọ̀kan dìde láì fọ ọwọ́, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Oṣù méjì ni ó gbà wá kí a tó san owó ìrẹsì tán; ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì pẹ́ ju gbèsè lọ, nítorí fún ọdún kan gbáko, bí ọ̀kan bá ń bọ̀ lọ́nà, èkejì a yà.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé ìlú méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn. Ìkirè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé, Àpòmù sì ni ti Ìsọ̀kan, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀kan ń fẹ́ ọmọ èkejì, wọ́n sì jọ ń ná ọjà kan náà. Nígbà tí a ń ronú lórí ọ̀rọ̀ náà ni a rántí ohun tí Samuel Johnson kọ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí arákùnrin rẹ̀ Obadiah tún ṣe, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ó sọ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọjà Àpòmù jẹ́ ọjà ńlá tí àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ń pàdé sí. Níbẹ̀ ni ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti jà nítorí ataare. Àwọn Òwu kọlu Àpòmù. Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ sì para pọ̀ láti bá Òwu jà. Wọ́n dó ti Òwu títí ìlú náà fi fọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fọ́n káàkiri. Púpọ̀ nínú wọn ni ó wá tẹ̀ dó sí Abẹ́òkúta. Dájúdájú, ataare nìkan kọ́ ni ó fa ogun náà, nítorí ìbínú àtijọ́ ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ataare ni iná tí a fi kan koríko gbígbẹ, ọyẹ́ sì ti kọ́ wa bí koríko gbígbẹ ṣe ń jó. Àwọn àgbà kò purọ́ tí wọ́n wí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Láti inú ìrònú yìí ni a ti rí i pé àpèjẹ gbọ́dọ̀ ní orí, gẹ́gẹ́ bí àròkọ tí a ń kọ nínú kíláàsì ṣe gbọ́dọ̀ ní orí. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni yóò pinnu oúnjẹ tí a ó sè, ohun tí àlejò yóò mú wá, àti ohun tí a ó máa sọ. A ó mú àpẹẹrẹ mẹ́ta wá.

Èkínní ni Alẹ́ Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá ní Ìkirè tí kò mọ dòdò Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n jù, tí awọ rẹ̀ ti dúdú, ni a fi ń ṣe é. A ó bó o, a ó fọ́ ọ pọ̀ mọ́ ata gbígbẹ àti iyọ̀, a ó sì dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, kí a tó ṣù ú. Ìtàn tí àwọn ará ìlú ń sọ ni pé ìyá arúgbó kan tí kò ní oúnjẹ mìíràn nílé ni ó kọ́kọ́ ṣe é, nítorí kò fẹ́ da ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tí ó ti pọ́n jù nù. Ní alẹ́ yìí, a ó sun ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó se é, a ó dín in; kí àlejò kọ̀ọ̀kan sì sọ ohun kan tí àwọn ènìyàn pa tì, tí ó wá wúlò lẹ́yìn náà. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kò ní tán lẹ́nu àwọn tí ń múra láti di olùkọ́.

Èkejì ni Alẹ́ Ohun Gbígbẹ. Ọyẹ́ tí ń la ètè wa náà ni ó ń ṣe ìyá wa lóore. Bí wọ́n bá bọ iṣu nínú omi gbígbóná tí wọ́n sì sá a, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a gbẹ ẹ́ kíákíá kí ó tó bu, a ó sì fi lọ èlùbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilá ń di orúnlá, tí ata ń gbẹ, tí ẹja sì ń gbẹ. Àmàlà, ọbẹ̀ orúnlá àti ẹja gbígbẹ ni oúnjẹ alẹ́ náà. Ọsàn àti agbálùmọ̀ tí àkókò wọn bọ́ sí ìgbà ọyẹ́ ni a ó fi pa òùngbẹ. Àlọ́ àpamọ̀ ni eré ibẹ̀, ẹni tí kò bá sì lè dáhùn ni yóò fọ àwo.

Ẹ̀kẹta ni Alẹ́ Ataare, èyí tí ó ṣòro jù, tí ó sì níyì jù. A ṣe é ní ọdún tí ó tẹ̀ lé ọdún ìjà náà. Ènìyàn mẹ́jọ péré ni a pè, àwọn ọ̀rẹ́ wa méjèèjì sì wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ni a jẹ. A fi ataare kan sí iwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, a sì ka ìtàn ọjà Àpòmù. Òfin kan ṣoṣo ni a ṣe: ará Ìkirè ni yóò sọ ire Àpòmù, ará Àpòmù ni yóò sì sọ ire Ìkirè. Ẹni àkọ́kọ́ dákẹ́ pẹ́ títí tí àyà wa fi ń já. Lẹ́yìn náà ó sọ pé nígbà tí òun wà ní kékeré tí òun sọnù lọ́jà, ìyá aláta kan ní Àpòmù ni ó gbé òun jókòó sórí pẹpẹ rẹ̀, tí ó fún òun ní oúnjẹ títí ìyá òun fi dé. Èkejì rẹ́rìn-ín, ó ní ilé ẹ̀gbọ́n ìyá òun ní Ìkirè ni òun ti kọ́ ìwé kíkà. Wọn kò tọrọ àforíjì lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dìde, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbé bẹ́ǹṣì padà sí ilé ẹni tí a yá a lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku ìmọ̀ràn díẹ̀. Ní ti owó, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí olùpè pèsè oúnjẹ kan tí ó gbóná tí ó sì tó, kí àlejò kọ̀ọ̀kan mú èso tàbí ìpanu wá. Ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ tó. Bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ kan kò lè kárí gbogbo wọn. Kí a ránṣẹ́ sí wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí a sì sọ orí ọ̀rọ̀ náà fún wọn kí wọ́n lè rò ó wá. Bí àgbà tàbí olùkọ́ wa bá wà níbẹ̀, òun ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ó sì parí rẹ̀.

Ní ti ìlera, ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú tí ń jó wọ inú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀. Èédú a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní òórùn, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú oorun. Ìta gbangba ni àyè iná, kí a sì fi omi pa á pátápátá kí a tó sùn, nítorí èta iná kan lè jó oko kòkó odindi ìdílé ní ìgbà yìí. Bí ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde bá wà láàrin yín, ẹ fún un ní aṣọ bora àti omi mímu lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí òtútù àti òùngbẹ a máa ru ìrora rẹ̀ sókè. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ jókòó sí ọ̀nà èéfín àti eruku. Kí ìgò òrí kékeré kan sì wà lórí tábìlì fún ètè àti ọwọ́. Àlejò yóò rántí rẹ̀ ju ẹran lọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, láìpẹ́ a ó túká lọ sí oríṣiríṣi ìlú láti máa kọ́ni, a ó sì máa gbé láàrin àwọn tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọyẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣe níbẹ̀, ẹ pe ènìyàn mélòó kan jẹun, kí ẹ sì pe àwọn méjì tí kì í kí ara wọn mọ́ wọn. Ẹ se oúnjẹ tí agbára yín ká, ẹ fún ọ̀rọ̀ ní orí, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ire ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ kú ọyẹ́ o. Ọyẹ́ ọdún yìí kò ní jẹ́ àjẹmọ fún wa.